Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan gan-an ni ìbọn bà

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, kò sì dùn. Ẹ bá mi kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Gbólóhùn kan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tó ti sú mi. Bí ẹ bá ní kí ẹnì kan má gbé nọ́ńbà fóònù àti ojúlé rẹ̀ sórí Facebook, kó má fi fótò ọmọ rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀, kó má kéde pé gbogbo ilé ti lọ síbi òkú ní Kétu títí di ọjọ́ Ajé, ohun tí yóò fi dá yín lóhùn ni pé: "Èmi ò jalè, èmi ò pànìyàn, kí ni mo ní tí mo fẹ́ fi pamọ́?" Àwọn tó gbọ́ Faransé dáadáa a tiẹ̀ sọ ọ́ ní Faransé kó lè dún létí: je n'ai rien à cacher. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìmáàmù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu páítọ̀. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń pànìyàn ni, mo sì fẹ́ fi òkú hàn yín kí ẹ lè gbà mí gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà ná. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní SWAT. Àwọn wọ̀nyí kì í mú kóńdó wá. Ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀, ìbọn gígùn, ọkọ̀ tó dà bí ọkọ̀ ogun, bí wọ́n ṣe ń dé nìyẹn, nítorí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn lóǹdè tàbí tí ìbọn ti ń dún ni wọ́n ń rán wọn lọ. Inú orúkọ yìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní swatting ti jáde. Ènìyàn á jókòó síbi tó jìnnà, á pe ọlọ́pàá, á purọ́ fún wọn pé ìpànìyàn ń ṣẹlẹ̀ nílé lágbájá, á fún wọn ní adírẹ́sì ilé náà, á sì máa wòran. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò bá a fọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tá rẹ̀. Kò ní ìbọn, kò ní ọ̀pá, fóònù nìkan ló ní. Ohun kan ṣoṣo tó nílò lẹ́yìn fóònù ni adírẹ́sì yín.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń bá ara wọn ta géèmù Call of Duty lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà ní Ohio, èkejì wà ní ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ìjà dé láàárín wọn lórí tẹ́tẹ́ dọ́là kan àtààbọ̀. Dọ́là kan àtààbọ̀, ẹ̀yin ará! Kò tó ẹgbẹ̀rún kan fránkì wa. Ẹni tó wà ní Ohio bá lọ bẹ ẹlòmíì ní Los Angeles, ọmọ ọdún 25, tí wọ́n mọ̀ sí iṣẹ́ ibi yìí, pé kó bá òun rán ọlọ́pàá sí ti Wichita. Ìyẹn náà kò sá. Ó fún wọn ní adírẹ́sì kan, ó ní kí wọ́n ṣe é bó bá dá wọn lójú. Ilé tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti kó kúrò ló júwe.

Ẹni tó wà ní Los Angeles pe Wichita. Ó ní òun ti yìnbọn fún bàbá òun lórí, òun ti mú ìyá òun àti àbúrò òun lóǹdè, òun ti da bẹntiróòlù sínú ilé, òun sì fẹ́ dáná sí i. Àwọn ọlọ́pàá sáré débẹ̀, wọ́n yí ilé náà ká. Ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 28, bàbá ọmọ méjì, rí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá níta, ó ṣílẹ̀kùn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ, ń bọ̀, nígbà tí ọlọ́pàá kan tó dúró ní òdìkejì títì yìnbọn kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà kú. Kò mọ àwọn ọmọ géèmù yẹn rí, kò bá wọn ta tẹ́tẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wá bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ní tó yẹ kó fi pamọ́.

Ẹni tó pe ọlọ́pàá gba ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní 2019. Ní 2023, ìlú Wichita gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún ẹbí olóògbé. Ẹni tó yìnbọn kò jẹ́jọ́ ọ̀daràn. Èyí yẹ fún ọ̀rọ̀ míì, àmọ́ mo fi í sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, bàbá ọmọ ọgọ́ta ọdún kan kú ní iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ọlọ́pàá lójú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó ti pẹ́ lórí Twitter, orúkọ tó ń lò níbẹ̀ sì ni @Tennessee, orúkọ kúkúrú tó dára. Àwọn ọmọ kan fẹ́ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè tà á. Wọ́n kọ́kọ́ ń pàṣẹ oúnjẹ tí kò rà sí ilé rẹ̀ láti fi dẹ́rù bà á. Nígbà tí kò gbà, ọmọdé kan tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin kò tíì kà sí àgbà, pe ọlọ́pàá Tennessee láti òkè òkun lọ́hùn-ún, ó ní òun ti pa obìnrin kan nínú ilé náà. Ẹ ò rí i pé òkun Àtìláńtíìkì gan-an kò dí irọ́ lọ́nà.

Ní Kalifóníà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 18 sọ ọ́ di òwò. Ó pe irú ìpè báyìí tó lé ní 375 láàárín oṣù Kẹjọ 2022 àti oṣù Kìn-ín-ní 2024, sí ilé ìjọsìn, sí ilé-ìwé, sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ń polówó rẹ̀ bí ẹni ń ta àkàrà: ẹ san iye báyìí, mo bá yín rán ọlọ́pàá sí ọ̀tá yín. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá fún un ní 2025. Mo máa ń ronú nípa ọmọ yìí, nítorí irú ọjọ́ orí rẹ̀ ni mò ń kọ́ ní kíláàsì.

Àwọn kan yóò ní Amẹ́ríkà ni ìyẹn, pé ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ti wá.

Ní 2014, oníròyìn kan ní ilé-iṣẹ́ Rue89 kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ulcan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú bí Ulcan. Kò lọ bá oníròyìn náà jà. Ó wá nọ́ńbà àwọn òbí rẹ̀, ó pè wọ́n, ó ní ọmọ wọn ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn ló rán ọlọ́pàá sí ilé wọn ní òru. Bàbá oníròyìn náà ní àrùn ọkàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ sígbà yẹn, ó sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹ kíyè sí i: ọmọ ló kọ̀wé, bàbá ló kú. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ò ní ohun tí òun ń fi pamọ́, ṣé òun nìkan ló ń gbé nínú ilé rẹ̀ ni?

Ibi tó dùn mí jù ni mo ń bọ̀ yìí, nítorí olùkọ́ bíi tèmi ni. Samuel Paty ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì ní ìlú Conflans-Sainte-Honorine. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì fi àwòrán kan hàn. Mo mọ̀ pé àwọn mùsùlùmí àti àwọn kìrìsìtẹ́nì ló ń ka ojú-ewé yìí, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn àwòrán náà. Kì í ṣe òun ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Ọmọbìnrin kan padà sílé, ó ròyìn ohun tí olùkọ́ ṣe ní kíláàsì fún bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ náà rárá! Bàbá kò lọ wádìí. Ó gba fídíò, ó kọ̀wé sórí Facebook, ó dárúkọ olùkọ́, ó dárúkọ ilé-ìwé. Àwọn ènìyàn ń pín in, ń pín in, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní ìlú Évreux, tó jìnnà síbẹ̀, tí kò mọ Paty rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbéra. Ó mọ orúkọ, ó mọ ilé-ìwé, àmọ́ kò mọ ojú. Nígbà tó débẹ̀, ó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lówó tó tó nǹkan bí 300 yúrò kí wọ́n tọ́ka olùkọ́ náà fún òun. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ó bẹ́ ẹ lórí lójú títì.

Ẹ ka gbogbo ọ̀nà tí irọ́ náà gbà: ọmọ, bàbá, fídíò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó pín in, apànìyàn. Àwọn tó pín in, púpọ̀ nínú wọn lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú èrò pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Ìka ni wọ́n fi tẹ fóònù, ó parí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà wálé, nítorí mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé: "Swatting kẹ̀? Níbí? Ẹ pe agbófinró fún òtítọ́ ná kí wọ́n dé, ká tó máa sọ ti irọ́." A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí èmi àti òun mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá fẹ́ rán ikú sí ènìyàn kò nílò láti pe 117. Ó kàn máa kígbe "Olè!" ní ọjà ni. SWAT tiwa ni àwọn èrò. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì mọ orúkọ wọn lẹ́yìn náà. Táyà wà, ẹ̀sáǹsì wà létí títì nínú ìgò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà ẹ rántí oṣù Kọkànlá ọdún 2001 ní Kútọnu, nígbà tí wọ́n ń sọ pé àwọn kan ń fi ọwọ́ kan ọkùnrin, tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á sì pòórá. Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún ni àwọn èrò pa nígbà náà, wọ́n dáná sun àwọn kan láàyè. Kò sí WhatsApp nígbà náà. Ẹnu lásán ló gbé e. Ẹ wá fojú inú wo irú ọ̀rọ̀ yẹn lónìí, pẹ̀lú fótò, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò, àti nísàlẹ̀ rẹ̀ gbólóhùn tí gbogbo yín mọ̀: Partagez massivement.

Mo máa ń rí wọn lójoojúmọ́. Fótò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí ọ̀kadà. "Olè adìyẹ ni, ẹ ṣọ́ra fún un, àdúgbò báyìí ló ń gbé." Ta ló kọ ọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣé ó jí adìyẹ lóòótọ́, àbí ó gba ọ̀rẹ́bìnrin ẹnì kan, àbí ó jẹ ẹnì kan lówó tí kò tètè san? Kò sẹ́ni tó béèrè. Àádọ́rin ènìyàn ti pín in, ìyá ọmọ náà sì wà lọ́jà tó ń ta gàrí, kò mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ òun. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó kọ ọ́ yìí àti ẹni tó pe Wichita láti Los Angeles? Èmi ò rí i. Tiwa tilẹ̀ burú jù, nítorí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lè pe ọ̀gá rẹ̀ láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Èrò kì í pe ẹnikẹ́ni.

Àwọn míì á ní: "Olùkọ́, ẹ̀yin ń gbé àṣà òyìnbó wá. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo agboolé ló mọ ara wọn. Kò sí àṣírí láàárín ọmọ ìyá." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé ẹni tó bá sọ ọ́ kò mọ àṣà tó ń dárúkọ. Ta ló kọ́ wa pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn? Òyìnbó ni? Àwọn bàbá wa kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ẹ bá bi àgbà léèrè iye ọmọ rẹ̀, ó lè wò yín lójú láti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í kéde ọjọ́ tó máa gbéra, àwọn ará ilé nìkan ló mọ̀. Orúkọ àbísọ àwọn kan wà tí ìyá nìkan ń pè. Oyún gan-an, ta ló ń dárúkọ rẹ̀ kó tó yọ fún gbogbo ayé? Lónìí, ọmọ kò tíì jáde nínú ìyá rẹ̀, fótò inú rẹ̀ tí dókítà yà ti wà lórí Facebook.

Òótọ́ ni pé agboolé mọ yín. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ agboolé. Bí ẹnì kan bá purọ́ mọ́ yín, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa kàn, ẹ mọ bàbá rẹ̀, àwọn àgbà á pè yín jọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọ̀rẹ́ ló mọ ilé yín, ẹ̀yin ò mọ ilé ẹnì kan nínú wọn. Kì í ṣe agboolé nìyẹn. Ọjà òru ni, tí ẹ̀yin nìkan gbé àtùpà dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí ní tiwa gan-an. Ẹnì kan rí káàdì ìdánimọ̀ he lójú títì. Inú rere ló fi yà á ní fótò, ó gbé e sórí ojú-ewé: "Ẹni tó ni ín kó wá gbà á." Ojú, orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀, gbogbo rẹ̀ hàn kedere bí ọ̀sán. Káàdì náà a padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tí à ń pè ní gaïman ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo nọ́ńbà àti ọjọ́ ìbí, ẹ fi orúkọ nìkan sílẹ̀. Ẹni tó ni ín á mọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn ilé-ìwé ńkọ́? Àwa olùkọ́ ni mò ń bá wí níbí. Èsì ìdánwò dé, a ya ìwé náà lódindi, orúkọ, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n ti bí ọmọ, nọ́ńbà táàbù, a jù ú sí gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí. Láti ibẹ̀ ó di ọjà. Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ọmọ tó gba CEP kò tíì ní fóònù, àmọ́ gbogbo ohun tí gbájúẹ̀ nílò láti jókòó sípò rẹ̀ ti wà níta. Kò sí olùdarí kankan tí òfin pàṣẹ fún pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ìwé bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí òbí wá wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀gbọ́n ra ilé, inú gbogbo wa dùn, ó ṣe live láti iwájú ilé náà, nọ́ńbà ojúlé hàn lára ògiri, orúkọ títì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sì wà ní yàrá òkè, ó ń ta géèmù pẹ̀lú àwọn tí kò rí rí, wọ́n ń bú ara wọn bí ọmọdé ṣe ń bú ara wọn. Ọ̀nà tí adírẹ́sì fi ń dé ọwọ́ oníswatting nìyẹn. Kì í ṣe idán. Nígbà míì ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ni wọ́n ti ń rà á, àmọ́ nígbà míì ẹ̀yin ẹbí lẹ fi í fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú "Ẹ kú oríire o" nísàlẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yọ fídíò ilé yẹn. Kí wọ́n sì bi ọmọ yẹn léèrè orúkọ tó ń lò nínú géèmù. Bó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni, kó pa á dà lónìí.

Òfin wà, mi ò ní sọ pé kò sí. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018, sọ ní àpilẹ̀kọ 550 pé ẹni tó bá dá irọ́ sílẹ̀ mọ́ ènìyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, tàbí tó bá pín in fún ẹlòmíì, lè gba ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú owó ìtanràn 500.000 sí 1.000.000 fránkì, tàbí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tó bá pín in. Tógò náà ní òfin tirẹ̀, 2018-026 lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ àti 2019-014 lórí ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn ikú Paty, ṣe òfin ní 2021 pé ẹni tó bá tú ìgbésí ayé tàbí ibùgbé ẹlòmíì síta kí ibi lè bá a, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti 45.000 yúrò ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ìjọba pàtẹ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Code du numérique yìí kan náà ni ilé-ẹjọ́ fi rán oníròyìn kan sẹ́wọ̀n oṣù 18 ní Kútọnu ní oṣù Kejìlá 2019, nítorí ohun tó kọ sórí Facebook àti Twitter nípa ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ìdájọ́ kan sọ. Àwọn ẹgbẹ́ oníròyìn pariwo, wọ́n sì jàre. Òfin tó yẹ kó dáàbò bo ìyá oní-gàrí yẹn àti ọmọ rẹ̀, ẹni ńlá ló kọ́kọ́ ń sáré lò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de òfin nìkan yóò pẹ́ lórí ìdúró. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa ni mo fẹ́ kí a fi ọwọ́ mú.

Lórí WhatsApp yín, ẹ lọ sí Paramètres, ẹ wọ Confidentialité. Níbi tí wọ́n kọ Groupes sí, ẹ yan Mes contacts, kí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ má baà máa fà yín sínú gúrúùpù ẹlẹ́gbẹ̀rún ènìyàn. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún fótò yín náà. Ẹ wá Vérification en deux étapes, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà sí i, kì í sì í ṣe ọdún ìbí yín. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé kódù kan wọlé sórí fóònù yín, kí ẹ kà á fún òun, ẹ gé fóònù náà, ìbáà jẹ́ ohùn ọmọ yín lẹ gbọ́. Fótò òde, ẹ gbé e jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ti délé. Òkú kò ní bínú pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé aṣọ ẹbí rẹ̀ jáde.

Bí wọ́n bá sì ti gbé orúkọ yín tàbí ti ọmọ yín sínú irú irọ́ yẹn, ẹ má kọ́kọ́ bú wọn padà. Ẹ ya ohun tí wọ́n kọ ní fótò kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹni tó kọ ọ́ hàn, ẹ gbé e lọ sí commissariat, ẹ béèrè fún Centre national d'investigations numériques. Ẹ mú ẹlẹ́rìí kan lọ. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ ti fi ẹjọ́ sùn, ẹ má fi ọwọ́ òfo jáde níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù, ẹ̀yin alábòójútó ojú-ewé yìí ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba nítorí mo ti sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, fótò "olè" mẹ́ta ṣì wà níbí. Nínú ọ̀kan, ojú ọmọ náà hàn, orúkọ àdúgbò rẹ̀ hàn, ẹnì kan sì ti kọ nísàlẹ̀ rẹ̀ pé "ẹ jẹ́ ká lọ kí i nílé," ènìyàn mọ́kànlá fi ẹ̀rín sí i. Ẹ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Ẹni tó gbé wọn síbí, bó bá ní ẹ̀rí, kó gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ẹ̀rí. Mò ń retí èsì yín nísàlẹ̀.